Èsì lórí "ẹ̀kọ́ takọtabo": ìbéèrè agbẹ̀bí kọ́ nìyẹn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ọjọ́ Ajé lórí orúkọ tí a lè fún ẹ̀kọ́ méjì tí àwọn yunifásítì kan ń so pọ̀: creative writing (kíkọ ìtàn, ewì àti eré láti inú ara ẹni) àti gender studies (ẹ̀kọ́ nípa ohun tí àwùjọ ní kí ọkùnrin tàbí obìnrin máa ṣe). Bàbá wa láti Àgbádárìgì pe àkọ́kọ́ ní "àròkọ", ó pe ìkejì ní "ẹ̀kọ́ takọtabo". Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó ń gbé Ìkòròdú ní "ẹ̀kọ́ ìpín ọkùnrin àti obìnrin" ló dáa jù fún ìkejì. Ẹnì kan ní kí a kúkú máa pè é ní jẹ́ńdà, kí oníkálukú sinmi.

Èmi kò lè sinmi. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama níbí ní Ẹ̀pẹ́, àkókò fọ́ọ̀mù JAMB sì ti dé. Ọmọbìnrin kan ní SS3 fẹ́ lọ ka ẹ̀kọ́ méjèèjì, ó ní kí n bá òun ṣàlàyé fún ìyá òun tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo. Mo dé ọ̀dọ̀ wọn, mo ní, "Ẹ̀kọ́ takọtabo ni, ìyá." Wọ́n wojú mi. Wọ́n ní, "Tíṣà, ṣé ẹran ọ̀sìn lọmọ mi fẹ́ lọ kọ́ ni?"

Ìyá náà kò ṣàwàdà, wọn kò sì ṣì mí gbọ́. Ara ni akọ àti abo ń tọ́ka sí. Ìbéèrè tí a ń bi agbẹ̀bí ni: akọ ni àbí abo? Bó bá ti dáhùn, ó parí. Ẹ̀yìn ìdáhùn yẹn ni ẹ̀kọ́ tí à ń wí yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni ìlú ní kí ọmọ náà máa ṣe? Kí ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ dán wò? Ta ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀?

Ẹja ni mo wá fi ṣàlàyé. Mo ní, "Ìyá, ta ló ń da àwọ̀n sínú ọ̀sà?" Wọ́n ní ọkùnrin. "Ta ló ń yan ẹja, tó ń gbé e wá sọ́jà?" Wọ́n ní, "Àwa náà ni." Mo bi wọ́n bóyá nǹkan kan wà lára obìnrin tí kò lè jẹ́ kó da àwọ̀n. Wọ́n rò ó títí, wọ́n ní, "Rárá o. Bí a ṣe bá a nìyẹn." Mo ní "bí a ṣe bá a" yẹn gan-an lọmọ yín fẹ́ lọ kà. Ó yé wọn kí n tó dìde.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "ọkọ". Ìyàwó ilé ṣì ń pe ọmọbìnrin jòjòló tó bá nílé ọkọ rẹ̀ ní "ọkọ mi", yóò fún un lórúkọ, Ìdílẹ̀kẹ̀ tàbí Ibàdíàrán, torí ọmọ náà ló ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó tó jẹ́ ọkùnrin, ìyàwó òrìṣà ni wọ́n ń pè é, ó sì ń dirun. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọkùnrin ló ń so ọmú igi mọ́yà, tó ń jó ijó obìnrin láti fi yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Akọ ni gbogbo wọn bí a bá bi agbẹ̀bí, àyàfi ọmọ jòjòló yẹn. Kí wá ni "takọtabo" fẹ́ sọ fún wa nípa wọn?

Bàbá Àgbádárìgì fi iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, onímọ̀ nípa àwùjọ, ti 1997 gbe ara wọn lẹ́sẹ̀: pé láwùjọ Yorùbá àtijọ́, ta ló ṣáájú ta ló ń pinnu ipò, kì í ṣe irú ara tí ènìyàn gbé wáyé, nítorí náà kò sí ohun tí a fẹ́ sọ lórúkọ. Mo gbà pé "ó" wa kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ lára obìnrin, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò náà kò yà á. Ṣùgbọ́n bí Orò bá jáde ní Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí? Ohun náà wà nílẹ̀ láàárín wa. Orúkọ ló kù.

"Ìpín" dùn létí, ó sì dùn mí láti kọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ìpín ni ohun tí ènìyàn gbà lọ́run kó tó wáyé. Bí a bá ní ẹja yíyan ni ìpín obìnrin, a ti parí ẹjọ́ kí ọmọ tó wọ kíláàsì. Ní ti jẹ́ńdà, n kò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Fóníìmù àti ọ̀rọ̀-ìṣe jọ ń gbé nínú ìwé gírámà wa láìjà. Àmọ́ jẹ́ńdà kò ní sọ nǹkan kan fún ìyá tó wà ní Olúwo.

Ohun tí mo mú wá nìyí: ìṣe tọkùnrin-tobìnrin. Àṣà àti ìṣe ni gbogbo wa mọ̀. À ń kọ́ ìṣe ni, ìṣe sì ń yí padà. "Tọkùnrin-tobìnrin" ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, ènìyàn nìkan ló sì wà fún.

Ti àkọ́kọ́, creative writing, kò le tó bẹ́ẹ̀. Àròkọ ni àwọn ọmọ mi ń kọ fún WAEC, lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí náà ó fẹ̀ ju ohun tí à ń wá lọ. (Ẹnì kan kọ ọ́ ní "àrokò". Ẹ dákun, owó ẹyọ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ nìyẹn.) Ní tèmi, "ìkọ̀wé àtinúdá" tẹ́ mi lọ́rùn, bí a bá lè fi "iṣẹ́" ṣíwájú rẹ̀, nítorí "àtinúdá" nìkan ń mú kí àwọn òbí rò pé ohun tó bá ti inú wá kò ṣeé kọ́. Ní yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, láti 1936 ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ní ti East Anglia nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1970. Wọn a jókòó yí ká, wọn a ka iṣẹ́ ara wọn, wọn a tún un ṣe. Báyìí náà ni ọmọ ọdẹ ṣe ń kọ́ ìjálá lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀.

Ìjálá yẹn gan-an ló jẹ́ kí n rí ìdí tí ẹ̀kọ́ méjèèjì fi bá ara wọn mu. Ìyàwó ló ń sun ẹkún ìyàwó, ọdẹ ló ń sun ìjálá. Ọmọ SS3 tí mo ń wí yìí ti kọ ewì kan ní ohùn ìjálá, obìnrin kan ló ń da àwọ̀n nínú rẹ̀. Mo ti fi lé e lọ́wọ́ pé kó kà á fún ìyá rẹ̀.

Láti 2022 tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Noforíjà ti di ara yunifásítì ètò ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ìtòsí wa níbí ni àwọn olùkọ́ ọ̀la ti ń jáde. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn yóò bá lórí tábìlì. Bí "ìṣe tọkùnrin-tobìnrin" bá gùn jù, ẹ bá mi gé e. Ẹ má ṣáà dá abo padà síbẹ̀.