Níbo lẹ ti kọ́kọ́ rí manga, ìwé ìtàn aláwòrán àwọn ará Japan, kí ló sì ṣe fún yín?

Àjàní_Ayàwòrán: Ẹ kú ìgbádùn o, ará ilé. Manga ló sọ èmi di ayàwòrán. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tiyín.

Ìyá_Ìbejì_Peckham: Ilé ìkàwé làwọn ọmọ mi ti ń yá a wálé. Àkọ́bí mi ló jókòó tì mí, ó fi hàn mí pé ọ̀tún la ti ń kà á bọ̀ sósì. Nígbà tí British Museum pàtẹ manga ní 2019, gbogbo wa la jọ lọ. Ẹsẹ̀ ò gbèrò.

Ọmọ_Kutonu: Èdè Faransé la fi kà á níbí. Ní Faransé, ètò ọmọdé kan, Club Dorothée, ti ń fi eré aláwòrán Japan han àwọn ọmọ lórí tẹlifíṣàn láti 1987. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Glénat fi máa gbé manga Dragon Ball jáde ní 1993, ọjà ti là. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa ti gbó, ọwọ́ dé ọwọ́ ló ń lọ nínú kíláàsì. Bó o bá gbà á lálẹ́, o gbọ́dọ̀ dá a pa dà láàárọ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Houston: Ìyá Ìbejì, ẹ rí tọ̀tún-sósì o. Akira, manga kan tí ilé ìtẹ̀wé Marvel bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1988, wọ́n kùn ún láwọ̀, wọ́n sì yí àwòrán rẹ̀ sódì bí ẹní ń wo dígí, kó lè rọ òyìnbó lọ́rùn láti kà. Gbogbo ẹni inú rẹ̀ bá di ọlọ́wọ́ òsì.

Ìyá_Ìbejì_Peckham: Ọwọ́ òsì! Kí wọ́n wá máa fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà?

Bàbá_Rẹ̀mí: Èèwọ̀.

Ọmọ_Kutonu: Ọ̀pọ̀ ayàwòrán Japan ni inú wọn ò dùn sí i. Idà samurai, jagunjagun Japan àtijọ́, bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òdì! Àwọn ará Jámánì ló ṣe é re: ilé Carlsen tẹ Dragon Ball bó ṣe wà gan-an ní 1997. Ilé ìtẹ̀wé Tokyopop náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2002.

Àjàní_Ayàwòrán: Ohun tó mú èmi ni pé àwọn tó ń ya manga kì í kánjú. Mo ya ìyá àgbà mi níbi tí wọ́n ti ń dín àkàrà l'Ábẹ́òkúta, ojú ewé mẹ́ta gbáko, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀: ọwọ́ tó ń po ẹ̀wà, ìka tó ń dà á sínú epo, epo tó ń hó, lẹ́yìn náà ojú ìyá àgbà nìkan nínú èéfín. Ariwo epo, ṣàà, mo kọ ọ́ tóbi ju orí wọn lọ. Bírò dúdú lásán ni mo lò.

Ìyá_Ìbejì_Peckham: Ẹ fi hàn wá kíákíá!!

Bàbá_Rẹ̀mí: Ó dára o, àmọ́ manga kọ́ nìyẹn. Ti àwọn ará Japan ni manga.

Ẹ̀gbọ́n_Houston: Mi ò gbà, Bàbá. Osamu Tezuka, ayàwòrán Japan tó bẹ̀rẹ̀ manga Astro Boy ní 1952, fíìmù Disney ló wò, wò, wò, ibẹ̀ ló ti mú ojú ńláńlá tí ẹ ń rí nínú manga yẹn. Ṣé ẹnì kan wá sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti Japan? Ọmọ Nàìjíríà ni Odunze Oguguo tó ń ya Apple Black, Whyt Manga ló sì ń pe ara rẹ̀.

Bàbá_Rẹ̀mí: Iyanu, ìwé ìtàn aláwòrán ti Roye Okupe ńkọ́? Ilé ìtẹ̀wé Dark Horse tẹ̀ ẹ́ ní 2021, àṣà Yorùbá ló dá lé, aláwọ̀ ni, òsì la ti ń kà á. Kò fi orúkọ manga polówó ara rẹ̀, ó sì gbayì. Kí Àjàní náà fún tirẹ̀ lórúkọ tiwa.

Adé_SãoPaulo: Ní Brazil níbí, ayàwòrán wa Mauricio de Sousa sọ Mônica, ọmọbìnrin inú ìwé rẹ̀, àtàwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà di ọ̀dọ́langba ní 2008, ó yà wọ́n bíi manga. Mônica ṣì ni Mônica.

Àjàní_Ayàwòrán: Bàbá Rẹ̀mí, mo gbọ́ o. Ẹ bá mi ronú orúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀tún ni mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi, mi ò ní yí i.

Títí_UI: Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti lè rí èyí tí ò wọ́n kà?

Ọmọ_Kutonu: MANGA Plus, áàpù ilé ìtẹ̀wé Shueisha ti Japan. Orí tuntun máa ń wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Dátà nìkan lo máa rà.