Gáráàjì wa ti ṣófo: ṣé mo lè gbin sàláàdì sínú rẹ̀?

Ìyàwó Tíṣà (Àjàṣẹ́):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti ta mọ́tò wọn, àpótí àti taya àtijọ́ ló kún inú gáráàjì wa níbí, lọ́nà Wàǹdó. Ó gùn tó mítà 6, ó fẹ̀ tó mítà 3, páànù ni òrùlé rẹ̀, kò ní fèrèsé. Sìmẹ́ǹtì sì ni gbogbo àgbàlá. Bí mo bá gbin nǹkan sínú korobá, ewúrẹ́ aládùúgbò á ti jẹ ẹ́ kí n tó jí. (Mo ti bá wọn sọ ọ́. Wọ́n ní ewúrẹ́ ò gbọ́ Yorùbá.)

Mo wo fídíò kan, ni mo bá ra iná aláwọ̀ elésè àlùkò, mo so ó mọ́ igi àjà, mo gbin sàláàdì sínú abọ́ fífẹ̀ nílẹ̀. Ó hù lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, gbogbo rẹ̀ ti gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ, ó funfun nídìí, ó sì tẹ̀ síhà ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn tó wà láàárín ti dùbúlẹ̀, ìdí wọn rọ̀ bí ewé tí wọ́n bọ̀. Ṣé iná ò tó ni? Mélòó ni kí n rà kún un?

Oníná (Kétu):
Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Iná yín ló jìnnà. Ẹ gbé abọ́ náà sórí tábìlì, kẹ́ ẹ sọ iná kalẹ̀ títí yóò fi ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí ewé. Bí ẹ bá na ẹ̀yìn ọwọ́ síbẹ̀ tó ń jó yín, ẹ gbé e sókè díẹ̀. Pupa àti búlúù ni wọ́n dà pọ̀ tó fi di elésè àlùkò. LED funfun á ṣe iṣẹ́ kan náà, ojú ò sì ní máa ro yín. Ẹ kun ògiri ní funfun, ó máa ń da ìmọ́lẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Iná 100 wáàtì, tẹ́ ẹ bá tàn án fún wákàtí 14 lójúmọ́, 1.4 kWh nìyẹn, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iná. Lóṣù, 42. Ẹ mú ìwé owó iná yín jáde, kẹ́ ẹ wo iye tí 42 máa jẹ́, ká wá mọ̀ bóyá sàláàdì orí tábìlì kan á san án.

Omi ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ má gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rárá. Ẹ ní kí wọ́n fi dísjóntà tí wọ́n kọ 30 mA sí lára síbẹ̀, èyí tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò. Kí wáyà kọ́kọ́ rọ̀ wá sísàlẹ̀ kó tó gòkè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń bá a bọ̀ lè kán síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́):
Ẹ dákun, oòrùn Àjàṣẹ́ yìí, ta ló ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín? Ẹ ra nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi dí ewúrẹ́ lọ́nà, ó tán. Sàláàdì ò fẹ́ ooru. Irúgbìn rẹ̀ kì í fẹ́ hù dáadáa níbi tó bá ti ju 30 °C lọ. Ẹ gbé tẹmómítà sínú gáráàjì yẹn ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún wa. Ti ìdí tó rọ̀ yẹn, omi ló pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ ò sì fẹ́ sí i. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ yẹn nù, ẹ fọ abọ́ náà.

Ìyàwó Tíṣà:
36. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Mo gbé e lọ sí pálọ̀, ó bọ́ sí 30.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:
Ìyá mi, olú ni kẹ́ ẹ gbìn, kò nílò iná yín. Ìmọ́lẹ̀ tó tó ka ìwé ti tó o. Irú olú tí wọ́n ń pè ní Pleurotus ni mo ń gbìn nínú yàrá ẹrù ẹ̀yìn ilé wa. Kùùkù àgbàdo ni mo ń lò: mo máa ń gún un wẹ́wẹ́, màá rẹ ẹ́ mọ́jú, màá fún un lọ́wọ́. Bí omi bá kán ẹ̀kán kan tàbí méjì, ó ti dáa. Bó bá ń ṣàn, ó ti pọ̀. Màá rọ ọ́ sínú àpò, màá fi ooru omi sè é nínú àgbá, màá jẹ́ kó tutù pátápátá kí n tó da irúgbìn olú sí i.

Àpò 40 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, 25 bàjẹ́. Ìkánjú ni. Wákàtí kan péré ni mo fi sè é. Lọ́jọ́ kẹjọ, àwọ̀ ewé ti bo gbogbo rẹ̀ bíi búrẹ́dì tó ti bu. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi ń sè é báyìí. Èyí tó bá bàjẹ́, mi ò kì í tú u nínú yàrá; ìta ni mo ń gbé e lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú òkùnkùn, àpò á funfun kanlẹ̀. Ẹ wá fi bíléèdì là á, kẹ́ ẹ máa fín omi sí yàrá lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí ẹsẹ̀ olú bá gùn tí orí rẹ̀ wá kéré bí ìṣó, afẹ́fẹ́ ò tó nìyẹn. Ẹ ká a kí etí rẹ̀ tó ká sókè, torí ó máa ń da nǹkan kan bí àtíkè sínú afẹ́fẹ́. Mo wúkọ́ fún oṣù kan kí n tó mọ̀. Ẹ fi aṣọ bo imú.

Àmọ́ olú pàápàá ò fẹ́ 36 o. Ẹ tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ sórí páànù yẹn, kó nípọn, kẹ́ ẹ sì lu ihò sí ògiri, kan nísàlẹ̀, kan lókè, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó. Tí kò bá wálẹ̀ sí bíi 28, ẹ má náwó sí i.

Ìyá Ìbejì:
Songhaï, ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ oko tí Fadá Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, kúkú wà ní Àjàṣẹ́ níbí. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ oko ò wọ́n níbẹ̀. Ẹ lọ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ibi tẹ́ ẹ ti lè rí irúgbìn olú.

Ìyàwó Tíṣà:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti bá ẹni tó máa gé imọ̀ sọ̀rọ̀, ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Tẹmómítà á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, màá kọ ohun tó bá sọ síbí kí n tó fọwọ́ kan owó. Iná elésè àlùkò yẹn, àwọn ọmọ ti gbé e lọ sí yàrá wọn, wọ́n ń fi jó.

Bàbá wọn gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ ra mọ́tò mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò tíì dá wọn lóhùn.