Ẹ̀yin tí ọkọ̀ ojú omi ti gbé dé ìlú òdòdó rí, ẹ wá rò fún mi

ÌyáBísọ́lá_Ọ̀ffà: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Kwara. Ọmọ wa obìnrin tó wà ní Seattle ló fẹ́ ṣe wá lálejò. Ó ti sanwó ọkọ̀ ojú omi fún èmi àti bàbá rẹ̀, ọjọ́ méje gbáko. Ó ní a máa lọ wo òkè yìnyín ní Alaska, pé tí a bá ń bọ̀, ọkọ̀ á yà ní ìlú kan létí òkun, Victoria, pé òdòdó ni wọ́n fi mọ ibẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ la máa débẹ̀, ilẹ̀ ò sì ní í tíì mọ́ tí ọkọ̀ á fi gbéra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé irú ìlú bẹ́ẹ̀ rí, kí lojú yín rí? Kí lèèyàn lè fi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ṣe? Bàbá ò lè rìn púpọ̀, orúnkún ń dà á láàmú.

Gàm̀bàrí_Boy: Èmi o, ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo tí mo wọ̀ rí ni ti Pàtígì, lọ́dún tí wọ́n ń fi ọkọ̀ díje lórí odò. Omi wọ bàtà mi. Mi ò tún débẹ̀ mọ́.

Wàrà_Tútù: Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi wò ó bóyá wọ́n ń ta wàrà.

Alhaja_ÌdíÀpẹ: Ìyá Bísọ́lá, mo ti débẹ̀. Ọmọ mi tó wà ní Houston ló mú mi lọ, nínú oṣù kẹfà. Aago méje ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀ lọkọ̀ wa gúnlẹ̀, oòrùn ṣì ń ràn bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán ni. Ogden Point ni wọ́n ń pe èbúté yẹn. Ẹni tó lẹ́sẹ̀ á rìn dé àárín ìlú láàárín ìdajì wákàtí, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì wà, nítorí náà ẹ má fòyà orúnkún bàbá. Èmi ò tiẹ̀ wọ àárín ìlú. Ọgbà Butchart ni wọ́n gbé wa lọ, ó jìn sí ìlú tó kìlómítà 20 lé díẹ̀.

Kí n má purọ́, inú mi ò dùn nígbà tí wọ́n dárúkọ ọgbà. Ṣé òdòdó ni wọ́n ń jẹ ni? Àfi ìgbà tí mo dé etí ihò yẹn tí mo bojú wo ìsàlẹ̀. Ihò òkúta ni o! Ibẹ̀ ni ọkọ obìnrin kan ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe simẹ́ńtì láyé ọjọ́un. Òkúta tán, ó ku ihò gbàràmù-gbaramu lẹ́yìnkùlé wọn. Ìyàwó ẹ̀, Jennie Butchart, ni kò gbà kó wà bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni wọ́n fi ń kó ilẹ̀ dúdú wá láti oko tó wà nítòsí, wọ́n ń dà á sísàlẹ̀ ihò, ó sì ń gbin nǹkan sí i. Ara ògiri òkúta tí kò sẹ́ni tó lè dúró sí, ó jókòó sórí àga, wọ́n fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ń ki ewéko bọ ojú sísán òkúta níkọ̀ọ̀kan. Obìnrin bíi tèmi bíi tẹ̀yin! Ó di 1921 kó tó parí ti inú ihò yẹn. Òpó èéfín ilé-iṣẹ́ simẹ́ńtì náà ṣì wà lóòró títí dòní, ẹ máa rí i lọ́ọ̀ọ́kán.

Ohun tó wá yọ mí lẹ́nu ni Mọ̀gáríbì. Oòrùn kọ̀, kò wọ̀! Aago mẹ́sàn-án lọ, ó kọjá, ó ṣì wà lókè. Onímọ́tò ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀ lòun ń lọ. Bó ṣe wọ̀ báyìí, mo tẹ́ ìborùn mi sórí koríko, mo kírun tèmi. Òyìnbó méjì, tọkọtaya, dúró tì mí títí mo fi sálámà. Mo mọ̀ pé wọ́n rò pé òdòdó ni mo ń forí balẹ̀ fún.

Wàrà_Tútù: Alhaja!! Wọ́n ti padà délé sọ fáwọn ọmọ wọn pé àwọn rí ìyá kan tó ń bọ òdòdó 😂😂

Ọmọ_Òkèlele: Alhaja, ẹ ò gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin? Nígbà tí mo lọ, ẹṣin ńlá-ńlá ló ń fà àwọn àlejò káàkiri àdúgbò.

Alhaja_ÌdíÀpẹ: Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ Ìlọrin ni ẹ́ àbí o kàn ń gbé Òkèlele? Ẹṣin leégún ilé wa, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Kí n kúrò nídìí ẹṣin ní Ìlọrin kí n wá lọ sanwó dọ́là gun ẹṣin?

Ọ̀kín_Ìyèrú: Ẹ̀yin Ìlọrin, ẹ kì í pẹ́ gùn ún. A ní òdòdó, ẹ ti dé orí ẹṣin.

Ìgbómìnà_Pọ́ńbélé: Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ihò yẹn, torí ó wọ̀ mí lára. Lẹ́yìn abúlé wa, ní ọ̀nà tó lọ sí Òró, irú ihò bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń fọ́ òkúta wá, wọ́n yin ín, ilé àwa ń mì, àwo ń já bọ́ lórí kọ́ńbọ́ọ̀dù ìyá mi. Wọ́n kó òkúta wọn tán, wọ́n lọ. Òjò dé, ihò di adágún. Ewúrẹ́ méjì ti kú síbẹ̀, ọdún tó kọjá Ọlọ́run ló yọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ò ju pákó kan tí wọ́n kọ "EWU" sí, ẹnìkan sì ti fi pákó náà dáná. Ìyẹn ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ tún ìtàn obìnrin yẹn sọ.

Ọmọ_Tanke: Ọkọ obìnrin yẹn ló ni ilé-iṣẹ́ simẹ́ńtì. Ìwọ ló ni ewúrẹ́.

Ìgbómìnà_Pọ́ńbélé: Ewúrẹ́ náà tiẹ̀ ti kú.

Ọmọ_Tanke: Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mò ń sọ pé ẹni tó gbẹ́ ihò ló dí i. Owó simẹ́ńtì náà ni wọ́n fi ra òdòdó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa sọ fún wa pé ìfẹ́ òdòdó nìkan ni. Ẹni tó gbẹ́ tiyín dà?

Alhaja_ÌdíÀpẹ: Ó lówó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyàwó olówó ni kì í fọwọ́ kan ilẹ̀. Ẹ fi ti okùn yẹn fún un, ó jàre.

Gàm̀bàrí_Boy: Alhaja ti gba kíláàsì.

Ọ̀kín_Ìyèrú: Èmi náà ti débẹ̀, Ìyá Bísọ́lá, ọmọ ìlú yín ni mí, nítorí náà tèmi ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má lọ Butchart tí ẹ bá ti pẹ́ kẹ́ ẹ tó sọ̀, torí lílọ-bíbọ̀ nìkan á jẹ ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Èmi fẹsẹ̀ rìn létí òkun títí dé Beacon Hill Park, ọgbà ìlú ni, ọ̀fẹ́. Wọ́n ri pátákó kan síbẹ̀ tí wọ́n kọ "Mile 0" sí, níbi tí títì tó la Kánádà já ti bẹ̀rẹ̀, ó ju kìlómítà 7,000 lọ títí dé òkun ìhà kejì. Mo ya fọ́tò síbẹ̀. Ìgbà tí mo yí padà báyìí, kí ni mo rí? Ọ̀kín! Ọ̀kín mẹ́ta ń rìn lórí koríko bí adìyẹ ìbílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Ọ̀kan na ìrù. Mo kí i pé "Ìyèrú Ọ̀kín, ọmọ Ọlálọ̀mí." Ó wò mí, ó ké gbàà. Omi bọ́ lójú mi, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Wàrà_Tútù: A ti rẹ́rìn-ín.

Ìgbómìnà_Pọ́ńbélé: Ìyẹn kì í ṣe ọ̀kín.

Ọ̀kín_Ìyèrú: Kí ló wá jẹ́? Lékèélékèé?

Ìgbómìnà_Pọ́ńbélé: Ọ̀kín tí àwọn baba wa mọ̀, ẹyẹ kékeré inú igbó ni, ìrù rẹ̀ gùn, ó funfun, òun ni wọ́n ń fi ìyẹ́ rẹ̀ sí adé. Èyí tí ẹ rí yẹn, láti Íńdíà ni wọ́n ti kó o wá. Orúkọ ọ̀kín ni wọ́n kàn fún un torí ẹwà.

Ọ̀kín_Ìyèrú: Ẹni tí ò ní ọ̀kín nínú oríkì ló ń kọ́ ọlọ́kín ní ọ̀kín.

Ọmọ_Tanke: Mo mọ̀ pé a máa débẹ̀.

Ọmọ_Òkèlele: Kẹ́ ẹ tó jà tán: ẹ wo ara òpó iná ìgboro tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ òdòdó ni wọ́n gbé kọ́ sí òpó lọ́kọ̀ọ̀kan, láti 1937 ni wọ́n ti ń ṣe é, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń mú wa kiri. Ó tún mú wa gba ọ̀nà kan ní àdúgbò àwọn Ṣáínà, Fan Tan Alley, ó ní òun ló tóóró jù ní Kánádà. Gbogbo èèyàn ń pariwo, wọ́n ń na ọwọ́ méjèèjì kan ògiri. Mo wò ó, mo ní ṣé èyí náà ni? Ẹ wá sí agbolé wa, ẹ wá wo ibi tí wọ́n ń gbé pósí gbà.

Alhaja_ÌdíÀpẹ: Ìlọrin tiẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ o jàre!

Alásè_Orí_Omi: Ẹ kú ìjókòó. Èmi ò fowó ara mi lọ síbì kankan. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi fọ àwo, tí mo fi bẹ ọ̀dùnkún nínú ọkọ̀ ojú omi. Àwa òṣìṣẹ́, ìlú òdòdó tí ẹ ń sọ yìí, ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ wà la máa ń wá. Tí wọ́n bá fún wa ní wákàtí méjì, ẹ máa rí wa lórí ìjókòó létí èbúté, gbogbo wa ń pe ilé.

Ṣùgbọ́n ìgbà kan, a dé Funchal, erékùṣù Madeira, ti Potogí ni. Ìlú náà gun òkè látinú òkun lọ sókè ṣóńṣó, òdòdó lórí ògiri gbogbo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì gbìn sórí òkè ní ìpele-ìpele. Mo rí ọ̀gẹ̀dẹ̀, àárò ilé sọ mí. Ní òkè tí wọ́n ń pè ní Monte, àwọn ọkùnrin méjì-méjì wà níbẹ̀, aṣọ funfun, fìlà koríko, wọ́n á gbé ọ sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá tí wọ́n kan igi sí nídìí, wọ́n á tì ọ́ sísàlẹ̀ títì ọlọ́dà. Kò ní táyà. Kò ní bíréèkì. Bàtà ẹsẹ̀ wọn ni bíréèkì! Ọ̀rẹ́ mi ará Filipíìnì ló sanwó fún mi. Mo pe gbogbo orúkọ Ọlọ́run tí mo mọ̀, mo tún pe orúkọ ìyá mi. Nígbà tá a délẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ń mu sìgá.

Gàm̀bàrí_Boy: Apẹ̀rẹ̀? Bí èyí tí wọ́n fi ń ru tòmátì ní Ọjà-Ọba?

Alásè_Orí_Omi: Ó tóbi ju ìyẹn lọ, ó ní tìmùtìmù. Ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ náà ni.

Wàrà_Tútù: Ọ̀kadà Tanke ò burú tó yẹn.

Ọmọ_Tanke: O ò tíì wọ èyí tó mú mi lánàá.

ÒmùÀrán_Lókè_Òkun: Mo ti ń ka gbogbo èyí láti àárọ̀, mo ń pa á mọ́ra. Èmi ò rí Victoria. Èmi ò tiẹ̀ rí Alaska. 2023, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Amẹ́ríkà, àwa mẹ́rin níbi iṣẹ́ dá owó ọkọ̀ láti Seattle. Mo ra kóòtù tuntun. A tò lórí ìlà, ó kàn mí, obìnrin tó ń wo ìwé ṣí pásípọ́ọ̀tù mi, ó wo físà Amẹ́ríkà mi, ó ní ti Kánádà ńkọ́? Mo ní Kánádà báwo? Alaska ni mò ń lọ. Ó ní ọkọ̀ máa yà ní Victoria. Mo ní mi ò ní í sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, mo máa sùn. Ó ní kò kan oorun. Àwọn mẹ́ta yòókù, ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n, wọ́n wọlé. Mo dúró létí omi pẹ̀lú àpò mi, kóòtù lọ́rùn nínú oòrùn, títí ọkọ̀ fi fun fèrè. Owó náà ò padà. Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: apẹ̀rẹ̀ òdòdó lára òpó iná.

Alhaja_ÌdíÀpẹ: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́ gan-an ni.

Ọmọ_Tanke: Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ìlú tí ọkọ̀ máa dé ló wà níbẹ̀.

Gàm̀bàrí_Boy: Ìwọ tíkẹ́ẹ̀tì wo lo ti kà parí rí?

ÒmùÀrán_Lókè_Òkun: Mo rí Victoria lórí ẹ̀. Mo rò pé Amẹ́ríkà ni.

Alásè_Orí_Omi: Kò jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí ọkọ̀ fi ń yà níbẹ̀ rárá. Òfin Amẹ́ríkà kan wà láti 1886: ọkọ̀ tí kò forúkọ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ò gbọdọ̀ kó èrò ní Amẹ́ríkà, kó já wọn sí Amẹ́ríkà, láì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ òkèèrè láàárín. Àwọn ọkọ̀ ńlá yìí, Bahamas, Panama, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti gba ìwé. Nítorí náà wọ́n ní láti kan Kánádà. Ìdí tó fi jẹ́ ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, wákàtí díẹ̀: wọ́n kàn fẹ́ tẹ ibẹ̀ lóǹtẹ̀ ni.

Wàrà_Tútù: Ká fi gbogbo òdòdó yẹn tẹ òǹtẹ̀.

Alhaja_ÌdíÀpẹ: Gíríìn káàdì ni mo fi lọ tèmi, pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Wọn ò bi mí ní físà Kánádà.

ÌyáBísọ́lá_Ọ̀ffà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Victoria tí mo ń sọ láti àárọ̀ yìí, Kánádà ló wà?

Ọ̀kín_Ìyèrú: Kánádà ni, Màmá. Mo ti sọ ọ́ níbi Mile 0.

ÌyáBísọ́lá_Ọ̀ffà: Ọ̀kín lẹ̀ ń sọ nígbà yẹn! Físà àlejò Amẹ́ríkà nìkan ló wà nínú ìwé èmi àti bàbá. Ẹ jẹ́ n pe ọmọ yìí.

Ìgbómìnà_Pọ́ńbélé: Nípa ti ọ̀kín, mo pe bàbá mi. Wọ́n ní ẹyẹ inú igbó ni. Mo kàn ní kí n sọ.

Ọ̀kín_Ìyèrú: Bàbá yín ò sí ní Ọ̀ffà.

ÌyáBísọ́lá_Ọ̀ffà: Ó gbé e. Ó ní, "Mọ́mì, Kánádà báwo? Ṣebí Alaska lẹ̀ ń lọ."

ÒmùÀrán_Lókè_Òkun: Gbólóhùn mi gan-an nìyẹn.