Àbọ̀ ìbéèrè mi: mo ti dé láti Birmingham
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi tí mo béèrè bóyá oṣù mẹ́ta tó fún olùwádìí àlejò ní Yunifásítì Birmingham ti padà dé. Kò tó rárá! Ilé ìkàwé Cadbury, níbi tí ìwé àtijọ́ àwọn CMS (ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Church Missionary Society) wà, ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di ilé: lẹ́tà Àjàyí Crowther, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, wà níbẹ̀. Pẹ́ńsù nìkan ni mo fi kọ̀wé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé àfọwọ́kọ yẹn. Ojú mi rí màbo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n yẹ àkójọ orúkọ ìwé ilé ìkàwé náà wò kí n tó kúrò nílé, ẹ ṣeun gan-an. Ó parí o.