Ọ̀nà wo la lè gbà kí ìjọba má fojú pa oró ejò rẹ́ ní Kétu?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá.

Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù ládùúgbò wa ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin. Bí ejò bá bu èèyàn jẹ lóko, wọ́n lè gbé e dé ilé ìwòsàn kí wọ́n má bá abẹ́rẹ́ tó ń pa oró rẹ̀. Bó bá sì wà, owó rẹ̀ ga ju agbára àgbẹ̀ lọ. Ó ń dùn mí wọra.

Egbò Buruli náà, àrùn tó máa ń jẹ awọ ara, ará abúlé ló ń bá jà jù, síbẹ̀ ìjọba dá a lóhùn. Wọ́n ṣèpàdé lé e lórí ní Yamoussoukro ní 1998, wọ́n tún ṣe ìkéde ní Kútọnu ní 2009, ibùdó ìtọ́jú rẹ̀ sì wà ní Pobè nítòsí wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi oró ejò náà kún àwọn àrùn tí a pa tì láti 2017. Kí ló wá kù?

Lójú tèmi, àìsí àkọsílẹ̀ ló ń pa wá lára. Ọ̀pọ̀ tí ejò bù jẹ, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ ni wọ́n ń lọ, orúkọ wọn kì í sì dé ìwé ìjọba. Ṣé ká bẹ àwọn bàbá wọ̀nyẹn kí wọ́n máa ka iye ẹni tí wọ́n ń tọ́jú ni, àbí ká kọ́kọ́ tọ Alákétu lọ, kí Kábíyèsí bá wa bá mérì àtàwọn aṣòfin sọ̀rọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jà fún irú nǹkan báyìí ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́, ọ̀dọ̀ ta lẹ ti bẹ̀rẹ̀?