Àwọn nọ́ọ̀sì wa kì í dúró, kí ni kí n kọ́kọ́ yí padà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe mátírọ́ọ̀nù rí, mo nílò ìmọ̀ràn. Èmi ni mò ń bójú tó àwọn nọ́ọ̀sì ní ọsibítù àdáni kan níbí l'Ákùúrẹ́. Tá a bá ti gba nọ́ọ̀sì tuntun, tójú ẹ̀ mọ́lẹ̀ tán báyìí, ó lọ nìyẹn, òmíì gba UK lọ, òmíì ríṣẹ́ ìjọba. Òfin tí Nursing Council gbé jáde ní 2024, pé kéèyàn ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tó gba láísẹ́ńsì kí wọ́n tó bá a fìdí sátífíkéètì ẹ̀ múlẹ̀ fáwọn òkè òkun, ńṣe ni wọ́n kàn ń ka ọdún méjì náà lọ́dọ̀ wa.

A ti fowó kún owó oṣù, a ra inverter, a tún yàrá ìsinmi wọn ṣe, síbẹ̀ náà ni. Mo wá bi àwọn tó ń lọ, owó kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dárúkọ o, náìtì ni! Ẹnì kan ṣoṣo lórí wọ́ọ̀dù tó kún, kó tún máa gba èébú lẹ́nu ẹbí aláìsàn (ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ nǹkan tí mò ń sọ), tílẹ̀ bá mọ́ kò ní tètè rí ẹni gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọ̀gá ní ẹnì kan péré lagbára òun ká láti gbà kún wa. Mo tún ń rò ó pé ká pa ṣíìfù mẹ́ta tá à ń ṣe lójúmọ́ tì, ká máa ṣe wákàtí méjìlá méjìlá kí wọ́n lè ní ọjọ́ ìsinmi púpọ̀, àmọ́ àárẹ̀ ẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbìyànjú ẹ̀ ní ọsibítù kékeré, ṣé wákàtí méjìlá yẹn mú káwọn nọ́ọ̀sì yín dúró, àbí kí n fi ṣíìfù sílẹ̀ bó ṣe wà, kí n kàn fi ẹni tuntun yẹn kún náìtì?