Àbọ̀: pẹpẹ àti kọ́bọ́ọ̀dù gáréèjì mi ti dúró

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ni mo bèèrè irinṣẹ́ tí mo lè fi gbé pẹpẹ àti kọ́bọ́ọ̀dù kọ́ ògiri gáréèjì wa l'Ádó-Èkìtì, tí dírílù mi kékeré kò wọ òpó kọnkéré.

Dírílù oníhámà (èyí tó ń lù bó ṣe ń yí) pẹ̀lú bíìtì kọnkéré, irin ẹnu dírílù, mílímítà 10 tí ẹ ní kí n yá ló yanjú ẹ̀. Òkúta tó ń jẹ ẹnu bíìtì mi tẹ́lẹ̀, kíá ló kọjá nínú ẹ̀. Mo fẹ́ eruku funfun inú ihò náà dànù kí n tó ti fíṣà (ike kékeré tí síkúrù ń wọ̀) bọ̀ ọ́, síkúrù sì dì í mú gírígírí.

Ṣùgbọ́n nínú búlọ́ọ̀kù oníhò, fíṣà yẹn kàn ń yí lásán ni. Mo wá kan pákó gbọọrọ láti òpó dé òpó, mo sì so kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ pákó. Ó ti gbé gálọ́ọ̀nù ọ̀dà mẹ́ta, kò mì rárá.

Rọ́bà olómi tí àwọn bíríkìlà ń lò ni mo fi wọn pákó náà kó lè dọ́gba, ó tó.

Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan ló kù tí kò pa dé dáadáa. Káfíńtà ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ṣeun gan-an.